Ṣé A Lè Fi Àṣírí Ọkàn Wa Lé Ẹni Tí A Kò Rí Lọ́wọ́?

Àwọn àgbà wa ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ní àgbọ́yé gbọ́dọ̀ lè wo ojú rẹ̀, nítorí pé ẹnu lè sọ pé kò sí nǹkan kan nígbà tí ojú ń sọ pé nǹkan wà. Ṣùgbọ́n láyé òde òní, àwọn ènìyàn kan wà ní Mowe, ní Ibafo àti ní Ifọ̀ tí wọ́n ń mú fóònù, tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn, tí wọ́n sì ń sọ ọ̀rọ̀ tí ó wúwo jù lọ nínú ayé wọn fún ẹni tí wọn kò bá pàdé rí. Ó lè jẹ́ Ìbàdàn ni onítọ̀hún wà, ó lè jẹ́ Àbújá, ó sì lè jẹ́ òkè òkun. Agbaninímọ̀ràn ni wọ́n ń pe irú ènìyàn bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbọ́ ìdààmú ọkàn àwọn ènìyàn, kí ó sì bá wọn wá ọ̀nà tí wọn yóò gbà bọ́ nínú rẹ̀. Àwọn kan ń bi wá léèrè bóyá ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn ti ṣe é, wọ́n sì ń ráhùn pé ohun tí àwọn bá níbẹ̀ kọ́ ni ohun tí àwọn retí. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò jìnnà sí ara wọn, nítorí ẹni tí kò bá mọ ohun tí ó yẹ kí òun retí lọ́wọ́ ènìyàn kò lè mọ̀ bóyá onítọ̀hún ṣe é re tàbí ó dalẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo irú ibi tí à ń gbé. Mowe àti Ibafo wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Òwódé, lẹ́bàá títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní ọdún 1978. Ifọ̀ wà ní ojú ọ̀nà àtijọ́ tí ó lọ sí Abẹ́òkúta, níbi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń kọjá láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn. Owó ilé ní Èkó ni ó lé ọ̀pọ̀ nínú wa wá síhìn-ín. Ẹni tí ó ra ilẹ̀ níbí lè ti Ìwó wá, ó lè ti Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ìlọrin wá. Ẹni tí ilé rẹ̀ kángun sí tirẹ̀ lè jẹ́ Ìgbò tàbí Ègùn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti wà nínú ọkọ̀ tí ń lọ sí Èkó. Nígbà tí yóò bá fi padà dé, àwọn ọmọ ti sùn. Bí ìdààmú bá dé bá irú ẹni bẹ́ẹ̀, ta ni yóò sọ fún? Ìyá àgbà tí ì bá pè é sínú ìyẹ̀wù, kí ó bi í pé kí ló dé tí ó fi ń rù, wà ní ìlú tí ó jìnnà. Bẹ́ẹ̀ ni kò sì sí ìkọ̀kọ̀. Bí ilé bá jẹ́ oníyàrá mẹ́jọ tí ó kọjú sí ara wọn, ẹni tí ó bá sunkún lóru, gbogbo ilé ni yóò bá a kẹ́dùn ní òwúrọ̀, àwọn ará ọjà yóò sì gbọ́ kí ó tó di ọ̀sán. Mọ̀lẹ́bí kò sí nítòsí, ìkọ̀kọ̀ náà kò sì sí. Ó yẹ kí á rántí èyí kí á tó dá ẹni tí ó lọ bá àjèjì sọ̀rọ̀ lẹ́bi.

Ẹ̀bi tí wọ́n sábà máa ń dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò dúró. Wọn a ní ẹni tí ó ń kírun márùn-ún lójúmọ́ kò yẹ kí ó ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. A kò rò pé àwọn tí ń sọ bẹ́ẹ̀ rántí Ànábì Yáqúbà, ẹni tí ó sunkún Yúsúfù títí ojú rẹ̀ fi funfun, tí ó sì jẹ́ Ànábì síbẹ̀síbẹ̀. Wọn kò rántí pé ọdún tí Khadijat àti Abu Talib kú ni àwọn òpìtàn Mùsùlùmí ń pè ní Ọdún Ìbànújẹ́ nínú ìgbésí ayé Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn tí onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Abu Zayd al-Balkhi, tí ó kú ní ọdún 934, ti kọ ìwé lórí ìlera ara àti ìlera ọkàn. Ó ya ìbànújẹ́ tí ènìyàn mọ ìdí rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ó kàn dé láìnídìí. Ó bá àwọn oníṣègùn ayé rẹ̀ wí pé ara nìkan ni wọ́n ń wò, ó sì fi yé wọn pé ọ̀rọ̀ àti ìrònú tí ó tọ́ jẹ́ oògùn fún ọkàn. Ẹni tí eyín ń dùn máa ń gba àdúà, ó sì máa ń lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n yọ ọ́. A kò tíì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni pè é ní aláìnígbàgbọ́.

Yorùbá sì ní ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ní ọdún 2006, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé èsì ìwádìí ńlá kan jáde. Ènìyàn 4,984 ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn, nǹkan bí méjìlá ni àìsàn ọpọlọ kan tàbí òmíràn ti bá jà rí láyé wọn. Nínú àwọn tí ti wọn le gan-an, nǹkan bí mẹ́jọ péré nínú ọgọ́rùn-ún ni ó rí ìtọ́jú kankan gbà láàárín ọdún kan. Àwọn yòókù ń gbé e kiri nínú ọkọ̀, nínú ọjà, àti nínú sàáfù mọ́ṣáláṣí.

Ní ti ìpínlẹ̀ Ògùn, kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣe àjèjì sí wa rárá. Abẹ́òkúta ni ilé ìwòsàn Aro wà. Ní ọdún 1954 tí Dókítà Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀, wọn kò tíì kọ́ ilé náà tán. Kò jókòó de bíríkìlà. Ó bá àwọn ará abúlé tí ó yí Aro ká sọ̀rọ̀, ó sì fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí ilé wọn. Àwọn aláìsàn a lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn, lẹ́yìn náà wọn a padà sí abúlé, wọn a bá wọn ṣe oko, wọn a bá wọn jẹun, wọn a bá wọn ṣe ayẹyẹ. Ó gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra láti bá a ṣiṣẹ́, èyí tí ó ya àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní òkè òkun lẹ́nu. Ṣùgbọ́n òfin kan wà tí kò fi ṣeré: aláìsàn kò gbọ́dọ̀ dá wá. Ó kéré tán, ìbátan rẹ̀ kan gbọ́dọ̀ bá a wá, kí ó máa bá a gbé, kí ó máa dáná fún un, kí ó sì máa mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Òkìkí iṣẹ́ yìí kàn débi pé ní ọdún 1961 àwọn dókítà láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè péjọ sí Abẹ́òkúta fún ìpàdé àkọ́kọ́ ti gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà lórí ìtọ́jú àìsàn ọpọlọ. Lambo fúnra rẹ̀ di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé lẹ́yìn náà.

A mú ìtàn yìí wá nítorí òfin kan ṣoṣo yẹn. Lambo mọ̀ pé ohun méjì ni aláìsàn nílò: ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ìwòsàn, àti ẹni tí ó jókòó tì í. Ó so wọ́n pọ̀, kò jẹ́ kí wọ́n yà. Ìgbaninímọ̀ràn orí fóònù ni ó wá yà wọ́n. Ó gbé ẹni tí ó mọ iṣẹ́ wá sínú yàrá wa ní Mowe, ṣùgbọ́n kò gbé ìbátan wá. Ibẹ̀ ni ire rẹ̀ wà, ibẹ̀ náà ni ewu rẹ̀ wà.

Ire rẹ̀ ni kí á kọ́kọ́ sọ. Ní ọdún 1953, àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí ń jẹ́ Chad Varah fi tẹlifóònù kan sínú ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ń ronú láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ẹni tí ó bá pè kò nílò láti sọ orúkọ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Samaritans ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2001, àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá tiwọn náà sílẹ̀, wọ́n pè é ní Muslim Youth Helpline. Ọ̀dọ́ tí kò lè sọ ìṣòro rẹ̀ fún bàbá rẹ̀, tí kò sì lè sọ fún Lèmọ́mù tí ó mọ bàbá rẹ̀, lè pè wọ́n. Ẹ wò ó dáadáa, jíjìnnà tí ẹni yẹn jìnnà gan-an ni ó jẹ́ kí ẹnu ọ̀dọ́ náà là. Bákan náà ni lọ́dọ̀ tiwa. Olùkọ́ kan ní Ifọ̀ tí wọ́n bá rí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ẹnu ọ̀nà Aro, orúkọ rẹ̀ ti yí padà nìyẹn, kódà bí ó bá jẹ́ pé àìróorunsùn lásán ni ó gbé e lọ. Ẹni tí ń fẹ́ ọmọ rẹ̀ yóò tún inú rò. Ìwà yìí kò dára, ẹ̀ṣẹ̀ tiwa ni, kì í ṣe ti olùkọ́ náà. Ṣùgbọ́n títí a ó fi jáwọ́ níbẹ̀, a kò lè sọ pé kí olùkọ́ yẹn má wá ibi tí ojú wa kò tó.

Kí wá ni ó yẹ kí ènìyàn retí? Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ìbéèrè ni yóò pọ̀ jù. Yóò bi ọ́ bí o ṣe ń sùn, bí o ṣe ń jẹun, bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, bóyá irú rẹ̀ ti ṣe ọ́ rí, bóyá ó ti ṣe ẹnìkan nínú ìdílé rẹ, àti oògùn tí o ń lò. Yóò bi ọ́ bóyá o ti ronú rí láti pa ara rẹ. Ìbéèrè yìí máa ń já àwọn ènìyàn wa láyà, wọn a ní, “Ọlọ́hun má jẹ̀ẹ́!”, wọn a rò pé onítọ̀hún ń fi wọ́n gégùn-ún. Kì í ṣe èpè. Bíbéèrè rẹ̀ kò fi í sọ́kàn ẹni tí kò sí lọ́kàn rẹ̀. Ẹni tí ó sì wà lọ́kàn rẹ̀ sábà máa ń mí kanlẹ̀ pé ẹnìkan bèèrè. Yóò tún bi ọ́ níbi tí o wà gan-an lásìkò tí ẹ ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, àti orúkọ ẹni tí wọ́n lè pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Òun náà gbọ́dọ̀ sọ ẹni tí òun jẹ́, ibi tí ó ti kẹ́kọ̀ọ́, àti àjọ tí ó fún un ní àṣẹ iṣẹ́. Bí kò bá sọ ọ́, ẹ bèèrè láìtijú. Dókítà àìsàn ọpọlọ jẹ́ dókítà oníṣègùn tí orúkọ rẹ̀ wà ní ìwé Medical and Dental Council of Nigeria, ó sì lè kọ oògùn fún ènìyàn. Agbaninímọ̀ràn tí kì í ṣe dókítà kì í kọ oògùn. Ẹni tí ó bá ní òun yóò fi kóró oògùn ránṣẹ́ sí ọ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́wàá, sá fún un bí o ṣe ń sá fún ẹni tí ń ta oògùn nínú ọkọ̀.

Ìjókòó kọ̀ọ̀kan máa ń tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 50, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kò dájú pé ara yóò fúyẹ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Nígbà mìíràn ọkàn a tún wúwo sí i, bí ìgbà tí wọ́n ń fọ ojú egbò. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń bínú kúrò níbẹ̀ nìyí, a sì rò pé orúkọ “agbaninímọ̀ràn” gan-an ni ó ń tàn wá. Nígbà tí a bá lọ sọ́dọ̀ àgbà, ìmọ̀ràn ni à ń gbà bọ̀: lọ bẹ ọkọ rẹ, fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀, gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. A retí pé ẹni orí fóònù yóò ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe adájọ́, kì í ṣe Àáfà, kì í sì í ṣe baálé ilé wa. Ìbéèrè ni yóò tún máa fi dá ìbéèrè lóhùn, nígbà mìíràn yóò sì dákẹ́ kí o lè sọ èyí tí ó kù.

Ẹ jẹ́ kí á mú ìyá oníṣòwò kan gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Ó yá owó lórí fóònù lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n máa ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ẹ̀gàn ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú fóònù oní-gbèsè. Ó ti san gbèsè náà tán. Síbẹ̀, bí fóònù bá ti dún, àyà rẹ̀ a já, ọwọ́ rẹ̀ a máa gbọ̀n, kò sì lè dá oníbàárà lóhùn mọ́. Bí ó bá sọ èyí fún wa, a ó ní kó gbàgbé rẹ̀, pé ó ti kọjá. Òun náà mọ̀ pé ó ti kọjá. Ara rẹ̀ ni kò mọ̀. Ohun tí agbaninímọ̀ràn tí ó mọ iṣẹ́ yóò ṣe ni pé yóò ní kí ó máa kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan: ìgbà tí fóònù dún, ohun tí ó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn, ohun tí ó ṣe, àti ẹni tí ó pè gan-an nígbẹ̀yìn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì wọn yóò jọ wo ìwé náà. Wọn yóò rí i pé nínú ìgbà ogún tí àyà rẹ̀ já, oníbàárà, ọmọ rẹ̀, tàbí ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Lẹ́yìn náà yóò kọ́ ọ bí ó ṣe lè jẹ́ kí fóònù dún fún ìgbà díẹ̀ láìsáré pa á, títí ara rẹ̀ yóò fi gbà. Iṣẹ́ ni, ó sì máa ń súni. Ẹni tí kò bá ṣe iṣẹ́ ilé yìí dà bí ẹni tí ó ra oògùn, tí ó gbé e sórí àga, tí ó ń retí pé kí ó wo òun sàn láti orí àga.

Ìwádìí púpọ̀ ní òkè òkun ti fi hàn pé fún ìrẹ̀wẹ̀sì àti àìbàlẹ̀ ọkàn tí kò tíì le jù, irú iṣẹ́ yìí ń ṣiṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì bí ó ti ń ṣiṣẹ́ lójúkojú, bí ènìyàn gidi bá wà tí ó ń darí rẹ̀. Àwọn kan ń kọ ọ̀rọ̀ sí ara wọn, àwọn kan ń pe ara wọn, àwọn mìíràn ń rí ojú ara wọn lórí fóònù. Kíkọ dára fún ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ sókè nínú ilé, ṣùgbọ́n ẹkún kì í hàn nínú àtẹ̀jíṣẹ́, nítorí náà bí dátà bá wà, a fara mọ́ èyí tí ojú yóò ti rí ojú. Ẹ ti bá ara yín sọ tẹ́lẹ̀ ẹni tí yóò padà pe èkejì bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já, nítorí yóò já. Bí ẹni àkọ́kọ́ kò bá bá ọ lára mu, o lè wá ẹlòmíràn láìsí ìjà.

Ọ̀rọ̀ èdè ṣe pàtàkì ju bí àwọn ènìyàn ti rò lọ. Ní ọdún 1961, Lambo àti Alexander Leighton ti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ní àwọn abúlé tí ó yí Abẹ́òkúta ká, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1963. Wọ́n rí i pé àwọn ènìyàn wa mọ àmì ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n wọn kò kó wọn jọ sábẹ́ orúkọ kan bí àwọn òyìnbó ti ṣe. Ní ọdún 1987, Dókítà Makanjuola kọ̀wé lórí ohun tí àwa ń pè ní ọdẹ orí: kí orí máa gbóná, kí nǹkan máa rìn nínú rẹ̀ bí èèrà, kí etí máa hó, kí oorun má wá. Ẹni tí ó bá kọ́ iṣẹ́ yìí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan lè gbọ́ “orí mi ń gbóná” kí ó ní kí o lọ ra paracetamol. Nítorí náà, ẹ bèèrè fún ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá. Ẹ má ṣe túmọ̀ ìrora yín sí Gẹ̀ẹ́sì kí ó lè dùn létí. Bí ó bá jẹ́ pé èèrà ni ó ń rìn lórí, ẹ sọ pé èèrà ni.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àṣírí, òun sì ni ìbéèrè tí a fi ṣe àkọlé. Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn bá fi síkàáwọ́ ẹni jẹ́ àmánà. Agbaninímọ̀ràn gbọ́dọ̀ sọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ pé òun kò ní í sọ ọ́ síta, kí ó sì sọ ibi tí ìlérí yẹn parí sí: bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu, tìrẹ tàbí ti ọmọ kékeré, yóò sọ fún ẹni tí ó lè gbà á là. Ẹni tí ó bá ní òun kò ní í sọ ohunkóhun láéláé kò sọ òtítọ́, tàbí kò mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnu agbaninímọ̀ràn nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ lè gbà jáde. Ní ilẹ̀ Fínláǹdì, ọ̀daràn kan jí àkọsílẹ̀ àwọn tí ó lọ gba ìtọ́jú ọkàn ní ilé iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Vastaamo. Ní ọdún 2020 ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n sanwó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òun yóò gbé ọ̀rọ̀ wọn sí gbangba. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ní Amẹ́ríkà, àjọ ìjọba tí ń mójú tó òwò fẹ̀sùn kan ilé iṣẹ́ BetterHelp pé ó fún Facebook àti àwọn mìíràn ní ìròyìn nípa àwọn oníbàárà rẹ̀ fún ìpolówó ọjà, lẹ́yìn tí ó ti ṣèlérí àṣírí. Ní 2023 ó ní kí ó san dọ́là mílíọ̀nù 7.8. Ní Nàìjíríà, òfin ààbò ìròyìn ara ẹni di òfin ní ọdún 2023, ọdún kan náà tí wọ́n fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun tí ó rọ́pò òfin ọdún 1958 tí ó ń pe aláìsàn ní wèrè. Ó dára pé òfin wà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó bá ti tú síta, òfin kì í kó o padà. Ẹ má kọ orúkọ ẹlòmíràn sínú àtẹ̀jíṣẹ́ láìnídìí, ẹ má ṣe gbà kí wọ́n gba ohùn yín sílẹ̀ láìbéèrè ìdí rẹ̀, ẹ má sì lo fóònù tí gbogbo ilé mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i.

Àwọn ọkọ kan ń bi wá bóyá kò yẹ kí àwọn jókòó gbọ́ ohun tí aya àwọn ń sọ, pàápàá bí agbaninímọ̀ràn bá jẹ́ ọkùnrin. Bí ìyàwó bá fẹ́ obìnrin bíi tirẹ̀, kí ó bèèrè fún obìnrin, wọ́n wà. Ṣùgbọ́n kí ọkọ dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn máa tẹ́tí, a kò fara mọ́ ọn. Bí ó bá dá a lójú pé ire aya rẹ̀ ni òun ń wá, kí ó kó àwọn ọmọ jáde fún wákàtí kan kí yàrá lè dákẹ́.

Ohun mìíràn tún ti dé báyìí: ẹ̀rọ tí ń dá ènìyàn lóhùn fúnra rẹ̀, tí kò sí ènìyàn kankan nídìí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò tuntun tó bí àwọn ọ̀dọ́ ti rò. Ní ọdún 1966, Joseph Weizenbaum ní Amẹ́ríkà ṣe irú rẹ̀ kan tí ó pè ní ELIZA. Kò mọ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ tí o bá sọ ni yóò yí padà sí ìbéèrè. Síbẹ̀, akọ̀wé Weizenbaum, tí ó mọ̀ pé ẹ̀rọ lásán ni, ní kí ọ̀gá òun jáde kúrò nínú yàrá kí òun lè bá a sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Ó ba Weizenbaum lẹ́rù, ó sì lo ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà láti máa kìlọ̀. Àwọn ti òde òní gbọ́n ju ELIZA lọ fíìfíì, wọ́n tilẹ̀ ń gbìyànjú Yorùbá. Ẹni tí kò rí oorun sùn ní agogo méjì òru lè rí ọ̀rọ̀ ìtùnú níbẹ̀. Àwa kò ní pé kí ó má ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í búra iṣẹ́, kò sí àjọ tí ó lè gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, bí o kò bá sì padà wá mọ́, kò sí ẹni tí yóò máa rò ó pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí ọ.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí fóònù kò lè gbé rárá. Ẹni tí ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, tí ó dá a lójú pé àwọn aládùúgbò fẹ́ pa òun. Ìyá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ tí kò sùn fún ọjọ́ mẹ́ta tí ó sì ń sọ ìsọkúsọ nípa ọmọ náà. Ẹni tí kò jẹun mọ́. Ẹni tí ó ti ra ohun tí yóò fi pa ara rẹ̀: àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ẹni tí à ń sọ fún pé kí ó lọ ra dátà. A kì í fi wọ́n sílẹ̀ láwọn nìkan. À ń kó ohun tí wọ́n lè fi pa ara wọn lára kúrò nílẹ̀, à ń gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Ifọ̀, tàbí ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ní Ṣágámù fún àwa ará Mowe àti Ibafo, tàbí Aro fúnra rẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń lù nílé náà ńkọ́? Agbaninímọ̀ràn tí ó wà ní Àbújá lè gbọ́ igbe, ṣùgbọ́n kò lè kan ilẹ̀kùn.

Ìdí nìyí tí a fi padà sí ìbéèrè kan lára àwọn ti ọjọ́ àkọ́kọ́, èyí tí ọ̀pọ̀ máa ń kánjú fò. Ó ní kí o kọ orúkọ àti nọ́ńbà ẹni tí wọ́n lè pè. Òfin Lambo ni, kìkì pé ó ti kéré di ìlà kan ṣoṣo lórí fóònù. Ẹni tí ń gbé ní Ifọ̀ máa ń kọ nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù síbẹ̀, ẹlòmíràn a kọ nọ́ńbà ara rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹni tí wọ́n nílò ni ẹni tí ó lè dé ẹnu ọ̀nà onítọ̀hún láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tí yóò wọlé láì pariwo, tí kò sì ní í sọ ohun tí ó rí ní ìdí àlùwàlá lọ́jọ́ kejì. Kí àwa tí à ń jókòó sínú sàáfù kan náà lọ́jọ́ Jímọ̀ ní Mowe, ní Ibafo, ní Ifọ̀, bi ara wa bóyá ẹnìkan wà ní àdúgbò wa tí ó lè kọ nọ́ńbà wa sí ìlà yẹn.